Àlejò tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló fi lé mi lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló wọlé tọ̀ mí wá, láàpútọ́ọ̀pù lábẹ́ abíyá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí mo rà yìí ti kú. Mo ti fẹ́ jù ú nù, màmá mi ló ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá bá yín."

Ó la ọwọ́, ó fi hàn mí. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹnu USB wà ní orí kan, ihò ẹ́ríà wà ní orí kejì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní fláàṣì tí a fi ń kó orin ni. Rédíò ni.

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?"

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà ni, sà. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a tú wò nírọ̀lẹ́ òní. "Òun ò mọ̀ ọ́n." Bí ènìyàn bá ní òun ò mọ ẹnì kan, ohun tó ń sọ lè jẹ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé kò gbúròó onítọ̀hún rárá. Ó lè jẹ́ pé ó rí i, ṣùgbọ́n ó fi í pe ẹlòmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ẹlòmíràn ti fà á wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ohùn kan náà ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi dáhùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn á máa fi oògùn ibà wo ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Nígbà tí kò bá san, wọ́n á ní aláìsàn ti kú. Mo ti rí rédíò tí kò ní àbùkù kankan lórí ààtàn, mo sì ti bá wọn ṣà á níbẹ̀.

Kí n tó débi ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú rédíò tó jẹ́, nítorí kò rí bí èyí tó wà lórí tábìlì yín. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò nílẹ̀ wa, orúkọ yẹn sì bá àpótí Rediffusion mu rẹ́gí, àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọ ilé àwọn bàbá wa, ní Èkó láti 1935, ní Ìbàdàn láti 1939. Ó ń sọ̀rọ̀, kò dúró gba èsì. Nígbà tí rédíò tí kò ní wáyà dé, irin ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń yí bọ́tìnì láti wá ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́, irin kan wà nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń yí pẹ̀lú ọwọ́ yín, òun ló ń ṣa ohùn kan kúrò láàárín ọ̀pọ̀ ohùn.

Irú èyí tí ọmọ yìí gbé wá, irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba ìgbì láti inú afẹ́fẹ́, kó sọ ọ́ di nọ́ńbà, kó sì dà á sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ló máa fi ìṣirò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí irin ń ṣe láyé àtijọ́. Òun ló máa ṣa ilé-iṣẹ́, òun ló máa yọ ohùn kúrò lára ìgbì, á sì tún ya ìgbì náà sójú rẹ̀, kí ojú yín lè rí ohun tí etí ń gbọ́. SDR ni wọ́n ń pè é. Ìgbà 2,400,000 ló ń ka ìgbì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀, láti òdo dé 255. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: nọ́ńbà 4,800,000 ló ń gba inú wáyà tín-ín-rín kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsinmi. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Ìdílé tí wọ́n bí nǹkan yìí sí ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyọnu rẹ̀. Wọn ò ṣe é fún rédíò. Àwọn tó fẹ́ máa wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Ilé-iṣẹ́ Realtek ló ṣe ọpọlọ inú rẹ̀, RTL2832U lorúkọ ọpọlọ náà. Ní 2012 ni Antti Palosaari, ará Fínlándì tó ń kọ dráífà fún Linux, kíyè sí i pé nígbà tí nǹkan yìí bá ń gbọ́ FM, ọpọlọ rẹ̀ kì í dá ìṣirò náà ṣe, ńṣe ló ń da nọ́ńbà ní tútù sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Osmocom, tí Steve Markgraf wà lára wọn, wá kọ ètò tí ẹnikẹ́ni lè fi gba nọ́ńbà tútù yẹn, kó sì sè é bó ṣe fẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là rà tẹ́lẹ̀ di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tu owó jọ rà. Inú mi ń dùn sí i títí dòní. Owó tí mo fi ra rédíò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mi àkọ́kọ́, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Ní Nàìjíríà níbí, nǹkan yìí kò tilẹ̀ wúlò fún tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. DVB-T2 ni tẹlifíṣọ̀n díjítà tiwa, ọpọlọ yìí kò sì gbọ́ ju DVB-T àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orí rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ni kọ̀ǹpútà sì máa ń kà.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá ki nǹkan bọ ojú USB, àlejò ló kan ilẹ̀kùn yẹn. Wáyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Iná ń gba inú pupa wọlé, fóòtì 5 ni; ó ń gba inú dúdú padà. Àwọ̀ ewé àti funfun ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Àlejò á fa ọ̀kan nínú wáyà ọ̀rọ̀ méjèèjì sókè pẹ̀lú iná díẹ̀, kíkan ilẹ̀kùn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á bèèrè pé, "Ta ni?" Nílé wa, bí ẹnì kan bá dáhùn pé "Èmi ni," a óò tún bi í pé, "Ìwọ ta?" Kọ̀ǹpútà náà kì í gba "èmi ni." Àlejò gbọ́dọ̀ dárúkọ méjì: orúkọ ilé tó ti wá, àti orúkọ tí wọ́n sọ òun gan-an. Orúkọ ilé ti nǹkan yìí ni 0bda, ilé Realtek nìyẹn. Orúkọ tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2838, nígbà mìíràn 2832. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: òdo, b, d, a, lẹ́yìn náà, 2838. Ẹ óò lò ó láìpẹ́. Lẹ́yìn tó bá dárúkọ tán ni kọ̀ǹpútà máa fún un ní ìjókòó, tí á sì pe dráífà. Ògbufọ̀ ni dráífà, ẹni tó gbọ́ èdè àlejò tó sì lè sọ ọ́ fún onílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá aláìsàn lọ.

Bí ẹ bá ki rédíò yín bọ̀ ọ́ tí kọ̀ǹpútà dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò dún, tí kò kọ nǹkan kan, kò gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn ni. Bí Windows bá sì kọ "Unknown USB Device," tó fi "Device Descriptor Request Failed" gbè é lẹ́sẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ díẹ̀: ó gbọ́ kíkan, ó bèèrè orúkọ, kò gbọ́ ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání. Nínú méjèèjì, ẹ má tíì fọwọ́ kan dráífà kankan. Ògbufọ̀ kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò dé ilé. Ẹ wo ojú ọ̀nà, ìyẹn wáyà, ojú USB, àti iná.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an wà níbẹ̀, ó sì ṣì ń dùn mí. Mo ní SDR kan nígbà kan rí, kì í ṣe irú èyí tó dà bíi fláàṣì, èyí tó ń lo wáyà bíi ti fóònù ni. Wáyà rẹ̀ já. Mo mú òmíràn nínú dúrọ́ọ̀, mo kì í bọ̀ ọ́. Iná ara rẹ̀ tàn. Kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan. Mo gbé e kiri gbogbo ojú USB tó wà, mo tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè kan lọ sí i. Èrò mi ni pé bí iná rẹ̀ bá ń tàn, wáyà dára nìyẹn, àlejò ló yadi. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tú ẹ̀rọ láti ta ohun inú rẹ̀, ó sì tú u. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí n tó fi wáyà yẹn kan náà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fọ́tò. Fóònù ń gba iná, fọ́tò kò jáde. Mo mú abẹ, mo la wáyà náà. Pupa àti dúdú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí àwọ̀ ewé, kò sí funfun. Wáyà tí wọ́n ṣe fún ṣájà nìkan ni. Rédíò mi kò ṣàìsàn rárá. Èmi ni mo fi iná bọ́ ọ, tí mo sì dí i lẹ́nu.

Irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ìgboro, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi wáyà kan dá rédíò lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ fi kó fọ́tò láti orí fóònù sínú kọ̀ǹpútà. Bí fọ́tò bá kọjá, ọ̀rọ̀ lè kọjá nínú rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó dà bíi fláàṣì, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà láàárín. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ wáyà tí ẹ fi fà á gùn, ẹ yọ họ́ọ̀bù USB tí ẹ fi sọ ihò kan di mẹ́rin, kí ẹ ki rédíò náà fúnra rẹ̀ bọ ara kọ̀ǹpútà tààrà. Ó tó mílíáḿpù 300 tí rédíò yìí ń jẹ. Ojú USB 2.0 lè fún un ní 500, ṣùgbọ́n bí máòsì àti fláàṣì mìíràn bá ń jẹun lára abọ́ kan náà, ebi lè pa á. Ohun tí ebi bá ń pa lè tan iná, kó sì má lè dárúkọ ara rẹ̀. Ìlànà kò fẹ́ kí wáyà USB 2.0 gùn ju mítà 5 lọ, wáyà tí kò dára kì í sì dé ibẹ̀ kó tó máa pàdánù ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ rántí nọ́ńbà 4,800,000 yẹn. Wáyà tí máòsì fi ń ṣiṣẹ́ láìní wàhálà lè má lè gbé e, nítorí máòsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ẹ fi ojú USB ẹ̀yìn gbìyànjú, nítorí ara pátákó ńlá inú rẹ̀ gan-an ni tẹ̀yìn ti yọ. Tiwájú, wáyà ni wọ́n fi fà á wá. Ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ojú USB náà. Eruku ọyẹ́ tó wọ inú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni ẹ fi gbọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà.

Ti ọmọ tó wá bá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kì í bọ ara láàpútọ́ọ̀pù, ó sì dún. Ohùn méjì tí Windows máa ń dún nígbà tí nǹkan bá wọlé.

Mo ní, "Ṣé o gbọ́? Ó dá a lóhùn."

Ó ní, "Ó máa ń dún bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ètò rédíò, á ní kò sí nǹkan kan."

Ohùn yẹn nìkan ti fi hàn mí pé rédíò kò kú. Òkú kì í dá orúkọ ara rẹ̀. A ṣí Device Manager, ìwé tí Windows ń kọ orúkọ gbogbo ohun tó wọ ilé rẹ̀ sí. Mo ní kó lọ wo àwọn ohun èlò ohùn àti fídíò. Ó wà níbẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Realtek sí i lára. Windows ti lọ wá ògbufọ̀ fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ògbufọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ náà ń wá rédíò, kọ̀ǹpútà sì ní òun ò ní rédíò nílé, tẹlifíṣọ̀n ni òun ní. Ọ̀kan kò purọ́ fún èkejì. Nínú gbogbo SDR irú èyí tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé ó kú, àrùn yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Oògùn rẹ̀ ni ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Zadig. Z, a, d, i, g. Pete Batard ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ojúlé ẹni tó kọ ọ́ gan-an ni kí ẹ ti gbà á, nítorí ètò tó ń fọwọ́ kan dráífà kì í ṣe ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lé ògbufọ̀ kan kúrò, kó fi òmíràn rọ́pò. Mo ní kí ọmọ náà ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Àpótí orúkọ tó wà níbẹ̀ ṣófo. Ó wò mí. Mo ní, "Lọ sí Options, kí o tẹ List All Devices." Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ ni gbogbo ohun tó wà lára láàpútọ́ọ̀pù náà tò wálẹ̀: máòsì, kíbọ́ọ̀dù, kámẹ́rà, Bluetooth. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ fara balẹ̀ síbí. Bí ẹ bá yan orúkọ tí kì í ṣe ti rédíò, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì, ògbufọ̀ nǹkan yẹn ni ẹ máa lé. Mo mọ ẹnì kan tó lé ti máòsì rẹ̀. Máòsì dákẹ́ ní ojú ẹsẹ̀, ó sì gbà á ní wákàtí mélòó kan láti fi kíbọ́ọ̀dù nìkan rìn padà síbi tó ti ṣìnà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí sábà máa ń jẹ́ "Bulk-In, Interface (Interface 0)," ó sì lè jẹ́ "RTL2838UHIDIR." Orúkọ ẹnu lásán nìyẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ USB ID sí. Bí kò bá jẹ́ 0BDA lẹ́yìn náà 2838 tàbí 2832, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí Interface 0 àti Interface 1, ti òdo ni kí ẹ mú. Ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni èkejì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ náà kà á sókè fún mi, lẹ́tà lẹ́tà, nọ́ńbà nọ́ńbà. Ó bá a mu. Ní apá òsì, wọ́n kọ orúkọ ògbufọ̀ tó wà nílé. Ní apá ọ̀tún, WinUSB, ògbufọ̀ tuntun. Ó tẹ Replace Driver. Ó gba bí ìṣẹ́jú kan. A yọ rédíò náà, a tún kì í bọ ojú USB kan náà, ó ṣí SDR Sharp, ètò rédíò rẹ̀, ó yan RTL-SDR, ó tẹ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí omi òjò lára gíláàsì. Láàárín rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ FM wa dúró sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òkè, ìbú òkè kọ̀ọ̀kan bí 0.2 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì. Ó fi máòsì tẹ ọ̀kan. Ohùn tó jáde ni ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yìí, wọ́n ń ka ìkéde òkú lọ́wọ́.

Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tẹ òkè kan, ó ń tẹ òmíràn.

Mo kìlọ̀ fún un kó tó lọ, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ: ojú USB tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ojú USB mìíràn, Windows lè kà á sí àlejò tuntun, kó sì tún pe ògbufọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ó tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru. Bí rédíò tó ń ṣiṣẹ́ lánàá bá sọnù láàárọ̀, Zadig ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí.

Ẹ̀yin tó ń lo Linux, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Ẹ kọ lsusb. Bí ẹ bá rí 0bda:2838, àlejò ti wọlé. Ẹ wá kọ rtl_test. Bí ó bá dá yín lóhùn pé "usb_claim_interface error -6," àrùn kẹta nìyẹn: a mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn ló dì í mú. Ẹni tó dì í mú sábà máa ń jẹ́ dvb_usb_rtl28xxu, ògbufọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé inú Linux fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì tuntun kan sínú /etc/modprobe.d, kí orúkọ rẹ̀ parí sí .conf, kí ẹ kọ ìlà kan péré sínú rẹ̀: blacklist, ẹ fi àyè sílẹ̀, dvb_usb_rtl28xxu. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún tàn án. Bí ó bá jẹ́ "usb_open error -3" ló ní, kò sí ẹni tó dì í mú, ìyọ̀ǹda ni ẹ kò ní. Ẹ fi fáìlì rtl-sdr.rules síbi tí udev ń wò.

Àrùn kẹta yìí kò mọ sórí Linux o. Rédíò kan kò lè sin ọ̀gá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ètò kan bá ti ṣí i, tí ẹ sì ṣí èkejì, èkejì á ní kò sí rédíò. Ètò tí ẹ rò pé ẹ ti pa tún lè wà lábẹ́lẹ̀ tó ṣì ń di okùn mú. Ẹ wò ó nínú Task Manager kí ẹ tó sọ pé rédíò ti sọnù.

Àwọn kan á ní, tiwa kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tí àwọn RTL-SDR Blog gbé jáde ní 2023, tí wọ́n ń pè ní V4, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́, nítorí R828D ni etí tó fi ń gbọ́ ìgbì, ògbufọ̀ àtijọ́ kò sì mọ bí a ṣe ń yí etí ọ̀hún. Dráífà tiwọn gan-an ni kí ẹ fi sí i. Bí tiyín kì í bá ṣe V4, ẹ wo ẹ́ríà. Fún FM, wáyà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 tó dúró ṣánṣán lẹ́bàá fèrèsé á gbọ́ dáadáa. Fún ìgbì tí ọkọ̀ òfurufú fi ń sọ ibi tó wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ti tó.

Ọkọ̀ òfurufú ni ọmọ yẹn ń wá látìbẹ̀rẹ̀, n kò mọ̀. Ọjọ́rú ló padà wá sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló ń kígbe ibi tó wà, bó ṣe ga tó, àti bó ṣe ń sáré tó, lórí 1090 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, bí ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ti fi dump1090, ètò tí Salvatore Sanfilippo, ará Ítálì, kọ́kọ́ kọ, gbọ́ wọn. Ó ní òun jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, òun ń wo nọ́ńbà ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí òun tó gbọ́ ìró rẹ̀ lókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, èyí ni mo fẹ́ jù sórí ààtàn."

Rédíò tó kú ní tòótọ́ wà. Èyí tó bá kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, láìsí wáyà láàárín, tí ara rẹ̀ tutù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ojú USB, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tó yè máa ń gbóná, ooru ara rẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Nínú àwọn tí mo rí tó kú bẹ́ẹ̀, òjò ló pa púpọ̀ wọn. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé. Bí ìkuukùu bá ti ń kójọ lásán, iná máa ń kó sórí wáyà tó wà lókè òrùlé, yóò sì bá ihò ẹ́ríà wọlé, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jóná. Ìgbà mìíràn, á gba ibẹ̀ kọjá sára kọ̀ǹpútà.

Láti fèrèsé yàrá tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mò ń rí i pé òjò ti ṣú níhà Mọ́níyà, ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ní ẹ́ríà tó wà lókè tí rédíò sì wà ní ìdí rẹ̀, ẹ dìde báyìí kí ẹ lọ yọ ọ́.